Iná Yàrá Àlejò

Méknès,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣàbáànì.

Turíyà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Liège, nínú òtútù yẹn. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò pọ̀ jù fún ọ? Ní tiwa, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú.

Wo ọwọ́ ìwé yìí dáadáa. Ó wọ́, ó sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ ni. Lálà Zuhur, aládùúgbò wa, kọ́ ló bá mi kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n kú kí n tó mọ̀ ọ́n kọ.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn ìyá ní àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi débẹ̀: mo fẹ́ fi ojú ara mi ka lẹ́tà rẹ. Aládùúgbò rere ni Lálà Zuhur tó ń kà á fún mi, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ta ní í sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú aládùúgbò? Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gba ìpè rẹ lórí tẹlifóònù pẹ̀lú, gbogbo èrò tó wà lórí ìlà ló ń dá sí ọ̀rọ̀ wa. Lẹ́tà rẹ wá gbẹ bí búrẹ́dì ìjẹta: ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ bá mi kí bàbá. Ó ká mi lára.

Bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ní ọ̀sán, geere ni mò ń kàwé. Àfi tí mo bá délé, tí mo parí iṣẹ́, tí mo wá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú mi. Bàbá rẹ ní, "Rukíyà, orí tó ti gbó kì í gba ìwé. Padà sídìí ìkòkò rẹ." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, nítorí mo gbà pé òótọ́ ni. Mo tiẹ̀ ti pinnu nígbà yẹn pé tí oṣù bá parí, n ó sọ fún tíṣà wa pé mi ò wá mọ́.

Tíṣà wa, Nawál, ọmọdébìnrin tó ń pè mí ní ìyá, ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, irú iná wo lẹ fi ń kàwé nílé?" Ẹ̀rín pa mí. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà ní yàrá wa, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òkè réré ló wà, ojúṣe rẹ̀ ò ju kí a má fẹsẹ̀ gbá tábìlì. Ló bá di pé à ń wá àtùpà. Dirís oníná fún mi ní ọ̀kan tó ní ìbòrí pupa, ni gbogbo ojú ìwé bá pọ́n kuku. Mo lọ gbé àtùpà onígáàsì wá láti oko àbúrò mi. Ìyẹn ń hó ṣùù, ó ń gbóná mọ́ mi létí. Bàbá rẹ ní, "Ṣé ìwé là ń kà ni àbí à ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè?" Mo gbé e padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wọ yàrá àlejò lọ láti gbálẹ̀, nítorí Ramadan ti ń kanlẹ̀kùn. O mọ òfin ilé wa. Láti ọjọ́ tí àwọn àna rẹ wá tọrọ rẹ, a ò tíì ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Mo tan àtùpà ńlá alápá méjìlá tó rọ̀ láti òkè àjà, kí n lè rí eruku. Lẹ́tà rẹ wà nínú àpò aṣọ ìdáná mi, mo ní kí n kàn yọ ọ́ wò.

Háà, Turíyà! Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀! Ojú mi ò kú, orí mi ò gbó. Iná tó mọ́lẹ̀ jù nílé yìí là ń tọ́jú de àlejò, àwa onílé wá ń táràrà nínú òkùnkùn. Mo jókòó sórí tìmùtìmù pẹ̀lú ọ̀rá tí a fi bò ó, ọ̀rá ń dún lábẹ́ mi, mò ń kàwé, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ gbọ́ ariwo ọ̀rá, ó yọjú. "Rukíyà, àlejò wo la ní? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi kí n wọ ṣòkòtò gidi?"

Mo ní, "Èmi ni àlejò, Bàbá Turíyà. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ wọlé."

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó, ó ní, "Ó dáa, kà á fún mi." Mo kà á látòkè délẹ̀. Kò dá mi lápàárá rárá. Ó kàn ní, "Láti òní lọ, má ti ilẹ̀kùn yìí mọ́."

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí n ò kà fún un. Nísàlẹ̀ ojú ìwé, o kọ nǹkan kan, o sì fi bíró pa á rẹ́. Lálà Zuhur ò dárúkọ rẹ̀ rí. Mo gbé ìwé náà sókè síbi iná, mo sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: "Ìyá mi, ilé yìí máa ń dákẹ́ jù ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ mi bá wà níbi iṣẹ́. Mo máa ń sunkún." Ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun. Síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé mo rí i. Má pa ohunkóhun rẹ́ fún mi mọ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí, ojú mi nìkan ló máa kà á. Tí ilé rẹ bá sì dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mọ̀ pé ìyá rẹ ti tan apá méjèèjìlá, ó ti jókòó, ó ń retí ọ̀rọ̀ rẹ.

Ọlọ́run tó la ojú mi yóò nu omijé ojú tìrẹ nù. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ padà wá bá wa láyọ̀. Yàrá àlejò ni wàá sùn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ojú ara rẹ̀ kàwé,
Rukíyà.

Mo gbàgbé: nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, Lálà Zuhur máa ń kà á pé, "Ẹ bá mi kí Lálà Zuhur, ìyá mi kejì." Mo ti wá gbogbo wọn lábẹ́ iná, kò sí níbì kankan! N ò bínú, n ò sì sọ fún un. Ó ń bọ̀ wá mu tíì lọ́dọ̀ mi tí lẹ́tà rẹ tó kàn bá dé, èmi ni n ó sì kà á fún un. Jọ̀ọ́, kọ ìkíni yẹn síbẹ̀ lóòótọ́.