Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Gìtá Yín

Bàbá mi, olùkọ́ etí mi,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ yípo kó tó dé ibi tó ń lọ, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá: mo ti rí àwo kékeré náà. Àwo orin òjò yín, èyí tí ẹ sọ pé wọn ò ṣe rí. Ó wà níwájú mi báyìí lórí tábìlì oúnjẹ ilé wa ní Jikwoyi, ní ìdí fèrèsé tí ẹ máa ń jókòó sí.

Inú ń bí mi sí yín. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá kọ irú gbólóhùn yẹn sí yín. Láti ìgbà tí a ti sin yín, ire yín nìkan ni mò ń sọ kiri. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, orúkọ yín ni mo máa ń dá, màá sì gbé àyà sókè.

Ṣé ẹ rántí àwọn Sátidé wa? Ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún rédíò ṣe ní Wuse lọ́sàn-án, ẹ ó dé, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó sì mú síńgílẹ́ẹ̀tì yín tó ti gbó, ẹ ó máa fi nu àwo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Orin rọ́ọ̀kì àwọn ará òkè òkun ni, ti ìgbà èwe yín, tí gìtá wọn ń ké, tí ìlù wọn sì ń dún bí ẹni fẹ́ já ilẹ̀kùn. Orin kan náà, àwo méjì. Àwo kékeré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé jáde, orin kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí àwọn onírédíò lè tètè rí i lò. Àwo ńlá á wá tẹ̀ lé e, orin yẹn á sì wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, kí n sọ èyí tí ẹ gbé sí i.

Kì í pẹ́ mi mọ̀. Ti kékeré, gbogbo rẹ̀ ló máa ń rọ́ jọ sí àárín, ohùn olórin á sún mọ́ni bí ẹni pé àga kan náà ni ẹ jọ jókòó sí, orin náà kì í sì í pẹ́ tí á fi pòórá. Ti ńlá, gìtá kan á bọ́ sí etí ọ̀tún, èkejì á bọ́ sí etí òsì, wọ́n á sì jẹ́ kí gìtá sọ̀rọ̀ títí tí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kì í ṣe pé àwọn olórin náà padà lọ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì o. Ohùn kan náà ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ló yàtọ̀, ẹni tó gbé ti ẹnì kan sókè, tó sì rẹ ti ẹlòmíràn sílẹ̀.

“Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni kó o máa wá,” bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. “Èyí tó wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ.”

Bàbá mi, mo wá a.

Lẹ́yìn ti àwọn òyìnbó ni ẹ tó máa ń gbé tiyín sí i, àwo ńlá tí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín ṣe n'Íbàdàn nígbà tí ẹ ṣì ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, tí irun yín sì kún orí. Ẹ máa ń na ìka kan sókè kí gìtá yín tó wọlé nínú orin òjò náà. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àwọn aládùúgbò tó bá wá kí wa náà á dákẹ́. Gìtá á wá wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀yin á dijú, èmi náà á dijú. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o láyé nígbà yẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ yín nígbà kan pé àwo kékeré tiwa dà, ẹ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe àwo náà kò ní sùúrù, wọn ò ṣe kékeré rárá. Mo tiẹ̀ káàánú yín.

Màmá ńkọ́? Bí ẹ bá ti ń mú àwo yẹn jáde báyìí, Màmá á gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ó wá máa rẹ́rìn-ín fún àwọn àlejò pé ìyàwó yín kò gbọ́ orin, pé bí wọ́n bá ní kó mú ohùn lọ sókè, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà lọ. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ilé ìwé girama, ẹ fi ọwọ́ pa mí lórí, ẹ ní, “Ohùn ìyá ẹ lo gbé wá sáyé, ọmọ mi. Wá dúró ti ẹ̀rọ.” Mo dúró ti ẹ̀rọ. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà títí dòní, ní ìdí míkísà ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń gbé ohùn àwọn ọmọ ẹlòmíràn sókè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ọjà Dei-Dei ni mo ti rí i. Òjò ti ba àjà yàrá Màmá jẹ́, mo wá lọ wo pátákó tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Alájì ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, tó ń ta àlòkù rédíò, tí ẹ máa ń bá tún ẹrù rẹ̀ ṣe, ló rí mi látòkèèrè. Ó pariwo, “Kai! Ọmọ Bàbá Onígìtá! Sànnu o! Yà síbí jàre, nǹkan bàbá ẹ wà lọ́wọ́ mi.” Inú àpò àwo àtijọ́ kan tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn ló ti fà á yọ. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa fi rántí yín.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pátákó àjà. Nínú takisí, orí itan mi ni mo gbé e lé, mi ò jẹ́ kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fara tì mí. Ohun tí mò ń rò ni pé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ṣe é, pé ó dùn mí pé ẹ kú kí ẹ tó rí i. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́!

Mo délé, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wá ku díẹ̀ kí gìtá wọlé. Mo na ìka mi sókè. Gìtá kò wọlé. Obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ohùn mi ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn, Bàbá mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ti fi gbohùngbohùn yẹ ohùn ara mi wò tó láti mọ̀ ọ́n níbikíbi, òun ni mò ń gbọ́ yìí, nínú orin tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí mi. Bí mo ṣe yíjú padà, Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, eèpo ẹ̀gúsí kún ọwọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ṣì rí i,” ló sọ. Ó wá jókòó.

Òun ló kọ ẹsẹ kejì. Rédíò ń lò ó, àwọn ènìyàn sì ń béèrè obìnrin náà. Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣe àwo ńlá, oyún mi ti hàn, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kàbà láti bímọ. Ẹ̀yin àti ọ̀gá ẹ̀rọ ni ẹ jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó pọ̀n mí padà dé Ìbàdàn, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan kí wọ́n lè ya èmi àti òun, àwo ńlá yín ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó ní òun ń retí ìgbà tí ó máa kan òun. Ó ní òun tiẹ̀ ti sọ fún ayàwòrán náà pé kó fetí sílẹ̀. Gìtá ló wọlé. Nígbà tó délé, ẹ ní téèpù ló bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló jẹ ohùn rẹ̀, ẹ sì ní láti wá nǹkan fi dí àlàfo.

Ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́? Mo gbé àwo ńlá sí i, mo de hẹ́dífóònù mọ́rí. Mo jẹ́ kí gìtá yín máa lọ, mo wá ohun tí ẹ yọ kúrò. Lẹ́yìn ìlù, níbi tó jìn, bí ẹni tó wà ní àgbàlá kejì, Màmá ń kọrin. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé. Yàrá kan náà ni òun àti onílù jọ wà, gbohùngbohùn ìlù sì ti gbé ohùn rẹ̀. Ẹ ò lè yọ ọ́ tán láìyọ ìlù. Téèpù kankan ò bàjẹ́. Ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ẹ sì gbé gìtá yín lé e. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kì í ṣèèṣì ṣe é. Ọwọ́ ló ń ṣe é.

Mo yọ hẹ́dífóònù, mi ò mọ bí màá ṣe sọ fún un. Mo rò ó pé kí ló dé tí màá fi gba irọ́ tó ti fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti bí àádọ́ta ọdún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé o rò pé mi ò kì í gbọ́ ara mi lẹ́yìn gìtá yẹn ni? Kí lo rò pé mò ń sá fún lọ sẹ́yìnkùlé?”

Kí ló dé, Bàbá mi? Ṣé bí àwọn ènìyàn ṣe ń béèrè rẹ̀ ló ń bí yín nínú? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìyá ọmọ yín máa kọrin níwájú àwọn ọkùnrin ni? Àbí ẹlòmíràn ló pàṣẹ, tí ẹ ò lè sọ pé rárá? Ọ̀dọ́ ni yín nígbà yẹn, ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn òkìkí. Bóyá màá bá yín bẹ Màmá nítorí àwo. Àwọn Sátidé yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ẹ gba orin lẹ́nu rẹ̀ tán, ẹ tún wá sọ fún àwọn àlejò pé kò gbọ́ orin. Ẹ ní kí èmi ọmọ rẹ̀ dákẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tí ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sì fi ohùn rẹ̀ tó wà lọ́fun mi dẹ́rù bà mí. Ẹ dà mí, Bàbá. Àárò yín sì ń sọ mí, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ta ni ǹ bá tún pè pé kó wá gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe tín-ín-rín lẹ́yìn ìlù, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Sátidé tó kọjá, mo fẹ́ gbé àwo kékeré sí i fún Màmá. Ó ní rárá, àwo ńlá ni kí n gbé sí i. Kò lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó sórí àga yín. Nígbà tó kù díẹ̀ kí gìtá wọlé, ó na ìka kan sókè gẹ́lẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe, mo sì dákẹ́. Ó la ẹnu, ó kọ ẹsẹ rẹ̀. Ohùn náà ti ki, àgbà ti dé sí i, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo dìde láti rẹ gìtá yín sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ mi ṣáà ni. Ó mi orí pé kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní kí n gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, ó sì na ọwọ́ sí mi. Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ. A jọ kọ ọ́ ni, èmi àtòun, ohùn kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, orin náà kọjá ibẹ̀, mi ò sì gbọ́ gìtá yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ kò sì tíì rọ̀,
tó gbé ohùn ìyá rẹ̀ wá sáyé.