Kì í ṣe Ọfà Ló Wà Lẹ́yìn Bàbá Rẹ

Jésùtófínmi,

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, má bọ́ bàtà. Bàbá rẹ wà ní ọsibítù ńlá l'Ákùúrẹ́. Aṣọ ni mo sáré wá mú.

Ó sọ fún ọ ní kùtùkùtù pé àyà òun ń ya dé ẹ̀yìn bí ẹni ya aṣọ. Ìwọ ní ọfà ayé ni, o wá ń fa ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lọ gbàdúrà! Nígbà tí kò lè gùn ún mọ́, o ní kí ó máa dá sọ̀ kalẹ̀, pé ìwọ ń parí ààwẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbé e wálé fún mi, èébì ní gbogbo àyà. Ìwà rẹ rí mi lára. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lápá méjèèjì. Ọ̀tún ju òsì lọ fíìfíì. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé inú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn ló ya. Oògùn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ lónìí, Àkànní mi, ọmọ olókè, lè má padà wálé.

Nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ti bàbá rẹ mu. Ṣínu kí o tó wá. Wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ebi ń pa. Bí o bá rí mi, má dọ̀bálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ni kí o kọjá sí.

Ìyá rẹ