Ta Ló Ń Já Àwọn Eku Wa Láyà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí ẹni tára ẹ̀ ò le ò lè máa pè mí ní ọ̀lẹ lórí fóònù lójoojúmọ́. Èmi náà wà dáadáa, mò ń dán bíi bàtà tuntun.

Iṣẹ́ ilé ìwádìí yẹn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi o. Èmi ni mò ń gbé eku funfun látinú àgò wọn sórí pátákó gíga kan tó dà bí àgbélébùú. Apá méjì ní ògiri, apá méjì ò ní. Oògùn àyà jíjá ni dókítà ọ̀gá wa ń fún wọn. Tó bá ṣiṣẹ́, eku á jáde síbi tí ò sógiri, á máa yan kiri bí ọmọ ọba. Tí ò bá ṣiṣẹ́, á sá mọ́ kọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ti jẹ́ èmi ni mo gbé wọn, wọ́n á gan bí igi! Tó bá jẹ́ Ìyá Ìbọ̀wọ́, obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa ṣeré. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, obìnrin yìí ń fi nǹkan sómi àwọn eku mi. Tó bá ti rí mi, á kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àpò èérún pákó láti ṣọ́ ọ, ni mo bá sín. Àṣírí tú.

Mo fẹjọ́ ẹ̀ sun dókítà. Dókítà ní, "Òun náà ti fẹjọ́ rẹ sùn mí. Ẹni tí mo bá mú nínú ẹ̀yin méjèèjì, ilé yá."

Àfi bó ṣe di àná tí Ìyá Ìbọ̀wọ́ di ọrùn ẹ̀wù mi mú, tó fa irun pupa kan yọ. "Àbúrò, ṣé o ní ológbò nílé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi, orí ẹ̀wù iṣẹ́ mi ló máa ń sùn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Òórùn ológbò làwọn eku ń gbọ́ lára mi!

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Dókítà ti da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nù. Ó ní tóòórùn yẹn bá tún wọlé ní Mọ́ńdè, kémi náà má wọlé mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé ológbò yín ní Sọ́ńdè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fura sí yín láìṣẹ̀.

Èmi àbúrò yín tó rẹwà jù,
Ọ̀gá Eku

Mo tún rántí: bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ẹ̀wù náà ló wà, ó ń wò mí. Ó jọ pé ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni pé àárò ẹ̀ máa sọ mí.