Kọ́ọ̀pù Kan Lójúmọ́

Ajé, 6 oṣù kẹta, 2006
Kíndìnrín ni. Dókítà ò fi bò fún mi. Kọ́ọ̀pù omi kan ṣoṣo lójúmọ́ ni kí ọkọ mi máa mu, ó pin. Adúmáadán mi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ló máa ń gbé sẹ́nu! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ọjọ́rú, 8
Ìyá Ìwó dé – ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbé wàláà mẹ́rin wá látọ̀dọ̀ alùfáà wọn, Kùráánì kún ojú gbogbo wọn. Hàǹtú. Kí n máa fi omi ṣan ọ̀kan lójúmọ́, kí ọmọ àwọn máa mu ún. Mo ní kọ́ọ̀pù kan péré ni dókítà gbà. Wọ́n ní kí kọ́ọ̀pù kan náà jẹ́ hàǹtú. Adúmáadán gbà, nítorí ìyá rẹ̀.

Ẹtì, 10
Mo kọ́ àwọn Pámárì Fọ́ọ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Iyọ̀ ń yòrò, ṣúgà ń yòrò, iyanrìn kì í yòrò. Mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Àìkú, 12
Wàláà Ìwó tán lánàá. Ìyá Ìwó lọ gba òmíràn lọ́wọ́ alùfáà kékeré kan ní Lásunwọ̀n.

Ajé, 13
Ọ̀rọ̀ ojú wàláà tuntun yìí kò bọ́. Wọ́n da omi lé e, wọ́n fi ìka ra á, wọ́n fi kànrìnkàn ha á – kò bọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀. Máákà! Alùfáà yìí rò pé irú èyí tí à ń nù kúrò lójú bọ́ọ̀dù lòun rà. Mo ṣàlàyé pé tàdáwà, yíǹkì tí àwọn alùfáà fi ń kọ wàláà, máa ń yòrò, pé eléyìí ò ní yòrò láéláé. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tíṣà lò ń bá mi sọ. Ọlọ́run ló kọ̀ ọ́." Wọ́n bú sẹ́kún. Alùfáà ti lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó dé. Wọn ò sì gbà kí Adúmáadán fi kọ́ọ̀pù tòní mu nǹkan mìíràn. Ètè rẹ̀ ti là. "Ọláwùmí, omi."

Ìṣẹ́gun, 14
Kí n kọ ọ́ síbí, torí mi ò lè sọ ọ́ fẹ́nì kan. Nígbà tí Ìyá Ìwó ń kírun lánàá, mo yan ṣúgà nínú ìkòkò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bíi tàdáwà, mo bu omi sí i. Ó yòrò wẹ́rẹ́. Mo ní, Màmá, ó ti bọ́ o! Wọ́n ṣe alihamudulilahi títí ohùn wọn fi há. Adúmáadán mu ún tán, ó lá ìdí kọ́ọ̀pù. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀, ó mọ̀. Ó rọra ní, "O ṣeun."
Wàláà wà lábẹ́ àpò símẹ́ńtì lẹ́yìn ilé.

Ọjọ́rú, 15
Adúmáadán kú láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti sin ín.

Ẹtì, 17
Ìyá Ìwó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa pé, "Ó mu hàǹtú rẹ̀ tán kó tó lọ. Ìyẹn ló ń tù mí nínú." Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ikú ì bá mú èmi náà.

Àìkú, 19
Bíríkìlà wá gbé símẹ́ńtì tó fẹ́ fi rẹ́ ojú sàréè. Ìyá Ìwó tẹ̀ lé e dẹ́yìn ilé. Wàláà ni wọ́n gbé wọlé. Kò sí lẹ́tà kan tó dín níbẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Ìyàwó, kí lo fún ọmọ mi mu?"
Mo ní ṣúgà ni, Màmá. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ni.
Wọ́n gbé wàláà, wọ́n dìde. Mò ń gbọ́ wọn ní yàrá kejì, wọ́n ń di ẹrù. Mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n.