Ọ̀rọ̀ Inú Àkámọ́

Mọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹwàá, 1982

Ládépọ̀ ti mú mi. Olúṣẹ́gun tó yẹ kó ṣe ọmọ nínú eré orí ìtàgé rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kàdúná, ó sì ti lọ. Ládépọ̀ wá bá mi ní Òkè-Ìléwó níbi tí mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó ní èmi ni n ó rọ́pò rẹ̀. Mo ní n kò ṣe eré rí. Ó ní mo ní ohùn. Ohùn tí mo fi ń pariwo mọ́ àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì!

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo eré náà — òfin ìdíje ni. Ẹgbẹ́ tó bá gba ipò kìíní ló ń lọ Èkó. Bí a kò bá gbà á, Ládépọ̀ ń lọ sí Ewékorò nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti bá a wá iṣẹ́ sídìí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì, ó ní eré kì í ṣe oúnjẹ. Ọdún méjì ni Ládépọ̀ fi kọ eré náà. Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nílé ìwé abúlé wa, lọ́nà Òdèdá. Ẹnu wo ni n ó fi kọ̀?

Wẹ́sìdeè, 6

Ìtìjú gbáà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi nínú ìwé eré, wọ́n kọ uneasily sínú àkámọ́. Mo kà á mọ́ ọ̀rọ̀ mi: "Uneasily all is well, Mother." Kùdírátù, ọmọ aláró Ìtòkú tó ń ṣe ìyá mi nínú eré, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Herbert tó ń darí wa kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ohun tó bá wà nínú àkámọ́, ara là ń fi í sọ, kì í ṣe ẹnu.

Ta ló sọ fún mi tẹ́lẹ̀?

Fúráìdeè, 8

Àkámọ́ yìí mà pọ̀ o. Nervously. Restlessly. Anxiously. Lójú tèmi, ẹ̀rù ni gbogbo wọn. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Baba Àkámọ́ — orúkọ tí mo fún Ọ̀gbẹ́ni Herbert nìyẹn — ní bó bá jẹ́ ẹ̀rù kan náà ni, kí ló dé tí Òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ tó pọ̀ tó báyẹn? Mo ní bóyá wọn ò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni. Ó ní kí n jáde. Mo jáde.

Sátidé, 9

Ládépọ̀ wá bẹ̀ mí. Ó jókòó lé búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ, ó bà á jẹ́, n kò bínú. Ó tú àwọn ọ̀rọ̀ náà fún mi. Restlessly: adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ibi yé sí. Nervously: ọkọ ìyàwó tó ń gbé omi fún àna rẹ̀, tí ife ń lu àwo. Anxiously: ìyá tí ilẹ̀ ń ṣú bá, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ti odò dé. Uneasily ńkọ́? Ó ní ẹni tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ àga tí òun jókòó lé ti kán, tí onílé sì ń bi í pé ṣé ara tù ú.

Mo gbọ́ ọ yé. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́ ọ yé, ọ̀tọ̀ ni kó lè ṣe é.

Túsìdeè, 12

Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kò dé. Inú ti ń bí mi láti àárọ̀, mo sì gbé ìbínú náà lọ sí ìdánrawò.

Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo eré yìí dúró lé. Ọmọ ti ta oko ìyá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìyá bi í léèrè oko. Ọmọ ní kò séwu: All is well, Mother. Baba Àkámọ́ ní bí ọlọ́pàá ni mo ṣe ń sọ ọ́. Mo tún un sọ. Ó ní ó ti di ọ̀gá ọlọ́pàá báyìí.

Kùdírátù ní kí n rántí irọ́ tí mo pa fún ìyá mi rí. N kò rí ọ̀kan rántí. Wọ́n ní èyí gan-an nirọ́.

"Àkànní, wọn ò lè fi ẹ́ ṣeré," ni Kùdírátù wí. "Ojú ẹ ò yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù tó ò ń mọ."

Tọ́sìdeè, 14

Ọlọ́pàá síbẹ̀.

Sọ́ńdè, 17

Mo lọ sílé. Màámi ní àwọn ń bọ̀ wá wo eré náà. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ o. Wọ́n ní àwọn ti bí mi kí n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Tọ́sìdeè, 21

Baba Àkámọ́ fẹ́ gba ipò mi ṣe fúnra rẹ̀. Òun tó ti hu ewú! Ládépọ̀ kọ̀, ó ní bí kì í bá ṣe Àkànní, kí eré má wáyé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń jẹ èékánná.

Sọ́ńdè, 24

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá.

Gbọ̀ngàn kún. Màámi jókòó níwájú, wọ́n wé gèlè ìkórè. A ń bá a lọ, kò burú, títí Kùdírátù fi bi mí léèrè oko. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀ — ojú Màámi ló bọ́ sí. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń retí ohun tí n ó sọ. Mo wá ohùn mi tì. Mo ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo wá sọ ọ́ ṣá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: All is well, Mother.

Màámi dìde. "Àkànní, irọ́ lò ń pa. Kí ló ṣe ọ́?"

Ẹ̀rín bo gbogbo ilé. Mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo ní, "Kò sí o, Màámi, eré ni."

"Eré wo? Wo bí o ṣe ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò."

Ipò kejì. Adájọ́ kan ní òun kò tíì rí ọ̀dọ́ tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ Yorùbá nínú eré Gẹ̀ẹ́sì, òfin lòfin. Ẹgbẹ́ tó gba ipò kìíní nìkan ló ń lọ Èkó. Baba Àkámọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ládépọ̀ gbé báàgì Màámi dé ìdí ọkọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá. Kò bá èmi sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè, 25

Ọkọ̀ tó já sìmẹ́ǹtì fún wa láàárọ̀ ni Ládépọ̀ fẹ́ bá dé Ewékorò. Ó ti ju àpò rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí èmi àti Màámi. Ó ní rárá, Màámi kò ṣẹ òun. Ó tún ní ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì náà kò burú.

"Iṣẹ́ yẹn tiẹ̀ ń wù mí, Àkànní."

Ó ń tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó dè é. Ó tún tú u. Ọkọ̀ ló ń wò, kò wò mí.

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé àpò náà sọ̀kalẹ̀.

Dírẹ́bà ní orí àwa méjèèjì kò pé, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ládépọ̀ bú mi níwájú gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní ta ló rán mi, ó ní kí ni òun ó jẹ. Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Nígbà tó sú u, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń bá wa po sìmẹ́ǹtì.

Àpò rẹ̀ wà ní yàrá mi. Bàbá rẹ̀ yóò ti gbọ́. Bí bàbá náà bá dé lọ́la, èmi ni n ó kọ́kọ́ jáde sí wọn.