Pèrègún Tí Mo Pè Ní Ààlà

Oko Ayétòrò,
Ìkéré-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 1998.

Ọmọlará, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ níwèé ní Òmùò. Ṣé ara le? Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ìyókù mi ń jẹun dáadáa.

Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba wá sí àfonífojì wa lóṣù tó kọjá. Wọ́n ń wọn ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀, wọ́n ń yà á sínú máàpù. Igbó òdìkejì odò, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e mọ́. Ní tiwa níhìn-ín, ibi tí oko wa bá parí sí ni ọgbà màlúù yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, ní kí n fi ààlà hàn wọ́n. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan gbáyà síwájú, mo mú wọn tọ ìlà pèrègún kan, mo ní bàbá bàbá mi ló gbìn ín. Ìgbà tí wọ́n yà á tán ni mo rí i pé ìsun omi wa ti bọ́ sọ́dọ̀ màlúù. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Bíbélì ní ègún ni fún ẹni tó bá yẹ ààlà, mo bá panu mọ́.

Ìgbà tí Màmá Ìsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wá kí mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n pariwo: "Bámijókò! Ọ̀pá uṣu ìyàwó rẹ lò ń pè ní ààlà?"

Háà, ojú tì mí! Òótọ́ ni. Ọdún tí a bí ọ ni ìyá rẹ gé pèrègún fi ṣe ọ̀pá iṣu. A wa iṣu tán, ọ̀pá ta gbòǹgbò, èmi sì gbàgbé. Òkúta ààlà gan-an wà lẹ́yìn ìsun, koríko ló bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú Màmá Ìsẹ̀ dání, ó di ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ní Adó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Afọláyan, ọmọ tí mo lè bí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà wá, ó tún un wọ̀n, ìsun sì padà sọ́wọ́ wa.

Ó béèrè orúkọ ìsun náà. Kò lórúkọ, "omi" lásán là ń pè é. Mo fi orúkọ ìyá rẹ sọ ọ́, mo ní, "Ìsun Ìbíwùmí." Ó kọ ọ́ sínú máàpù lójú mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyá rẹ ti lọ, Ọmọlará, mo sunkún níwájú wọn, mi ò fi pamọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ rẹ yóò gbè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámijókò Ọlọ́runtọ́ba.

Mo gbàgbé o: mi ò gé pèrègún náà. Tọ́jú lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ààlà, sọ fún un pé oko iṣu ìyá rẹ ni.