Alhaji Kamaldeen Àkàndé, Tó Ń Yí Igbá Iyọ̀ ní Ọ̀fà

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wá bá wa ṣe fídáù, ẹ kú ìdúrótì. Èmi Ògúnrẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni mọ̀lẹ́bí ní kí n sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Alhaji ní Ọ̀fà níbí. Awókọ̀yà ni bàbá wa, àgbẹ̀ oníṣu tó ń ná ọjà Òjòkú. Àdìkẹ́ ni ìyá wa, ìyá wa ló ń pe Alhaji ní Àkàndé. Ìgbà tí wọ́n gba Islam ní 1970 ni wọ́n tó di Kamaldeen. Wọ́n ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, ó tó wọn.

Ní 1967 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ìjàgbo. Wọ́n ṣe àga, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń yí igi, tí wọ́n á fi irin ha á títí á fi rí roboto, ìyẹn gan-an lọkàn wọn wà. Igbá iyọ̀ onígi, tó ní ìdérí, tí wọ́n fa ìlà sí lára, inú ọ̀pọ̀ kíṣìnnì àdúgbò wa ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà.

Ṣé ẹ mọ ti àkọ́kọ́? Ní 1978, wọ́n fẹ́ Alhaja Àṣàbí. Wọ́n yí igbá iyọ̀ fún ìyàwó, àmọ́ igi tútù ni wọ́n lò, ìgbéyàwó ń lé wọn. Ọyẹ́ dé, ìdérí súnkì, ó gbá ẹnu igbá mú. Ọjọ́ tí ìyàwó kọ́kọ́ máa se ọbẹ̀ fún ìyá wa, igbá ò ṣí. Ó fà á, ó lù ú, rárá. Ìyá wa tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Àṣàbí, ṣé iyọ̀ tán nílé ni?"

"Ó wà o, Ìyá mi. Ọmọ yín ló tì í mọ́lé."

Ẹ̀rín pa wá. Igbá yẹn ò tíì ṣí dòní. Tẹ́ ẹ bá mì ín, ẹ ó gbọ́ iyọ̀ nínú ẹ̀.

Látìgbà náà, Alhaji kì í yí ìdérí àfi tígi bá gbẹ dénú lókè àjà. Wọ́n lọ Mẹ́kà ní 1994. Ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí wa, àwọn ló ṣe é, wọn ò gba nǹkan kan.

Ọmọbìnrin wọn tó bá ń lọ ilé ọkọ, igbá iyọ̀ ọwọ́ bàbá ẹ̀ ló ń gbé lọ. Aishat ti gbé tiẹ̀. Ó ku Hikmat, àbígbẹ̀yìn, tó ń ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà yìí. Igbá ti ṣe tán, igi ìdérí ò gbẹ, ara Alhaji ò sì yá. Hikmat bú sẹ́kún: "Dádì, ẹ ṣáà bá mi yí i bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

Wọ́n ní kí Gbádé, àkọ́bí wọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, gbé igi sórí ẹ̀rọ. Wọ́n fi irin kàn án, ìlà kan ṣoṣo láàárín. Wọ́n dúró, wọ́n gbé igi náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ.

"Ó ṣì tutù. Ẹ dá a padà sókè. Hikmat, àbí o fẹ́ se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún ìyá ọkọ ẹ?"

Ọmọ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Alhaji lọ.

Wọ́n fi Alhaja Àṣàbí sílẹ̀, àti Gbádé, Aishat, Hikmat, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti èmi ẹ̀gbọ́n wọn. Tígi bá gbẹ, Gbádé á yí ìdérí náà. Ìlà tí bàbá ẹ̀ fà sí i, ó ní òun ò ní fi irin kàn án. Tí Disẹ́ńbà bá dé tí kò tíì gbẹ, Hikmat ní òun á fi aṣọ bo igbá òun lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere ní Alijánnà. Àkàndé, àbúrò mi, máa sùn. A ò ní kánjú dé igbá náà.